Èènì Tí Mo Fi Lé Ìwé Rẹ

Odẹ́dá,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

Tẹjúmọ́lá ọmọ mi,

Báwo ni ara rẹ? Báwo ni Tinúadé aya rẹ, àtàwọn ọmọ? Ẹ kú ooru Èkó, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìrí iná. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ ríjà adúgbò, kò sì ní jẹ́ kí omi Ire-Akari yín máa wọ́n bíi ti ìgbà tí mo wà níbẹ̀. Èmi náà wà. Mi ò ṣàìsàn. Tísà Ọláyanjú tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ bí mo ṣe sọ ọ́. Ó ní òun yóò tún un ṣe díẹ̀. Mo ní kó má tún nǹkan kan ṣe.

Mo pè ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹfà láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Ó dún, o ò gbé e. Tinúadé gbé tirẹ̀, ó ní ara rẹ le, ó ní iṣẹ́ ló pọ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé, torí lẹ́tà kì í dún kí èèyàn máa wò ó níran. Bí wọ́n bá ti fi lé ọ lọ́wọ́, ó ti dé nìyẹn.

Òrùlé tí ìjì ṣí, tó mú kí n wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ rẹ, wọ́n ti kàn án padà. Káfíńtà kàn án wọ́. Mo sọ fún un, ó ní wíwọ́ rẹ̀ gan-an ni kò ní jẹ́ kí ìjì tún rí i ṣí. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú. Ọkùnrin tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fẹ́ ìyàwó mìíràn, ìyàwó náà ga jù ú lọ. Ìròyìn ilé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwé.

Mo fẹ́ kí o mọ bó ṣe rí lójú tèmi, torí lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ o ò bi mí, o kàn dákẹ́ ni.

Lọ́jọ́ tí mo dé Ire-Akari, àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì adúgbò yín ní kí n mú kóòdù wá kí n tó wọlé. Mo ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nílé pé wọ́n ń gba kóòdù, àmọ́ iṣu márùn-ún wà nínú àpò mi, kí wọ́n mú ọ̀kan. Wọ́n mú un. Ìgbà tí o dé lo sọ fún mi pé nọ́ńbà kan nínú fóònù rẹ ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jẹ. Iṣu mi ti lọ. Mo wọlé, mo rí yàrá kan tó kún fún ìwé láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Inú mi dùn. Mo rò pé ìwé amòfin ni, tàbí ti dókítà. Mo ṣí ọ̀kan, mo rí àga ìgbọ̀nsẹ̀ funfun tí wọ́n ya òdòdó búlúù sí nínú. Mo ṣí òmíràn, mo rí ọpọ́n ìwẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ kìnnìún mẹ́rin. Mo ṣí òmíràn, ẹ̀rọ omi tí ọrùn rẹ̀ gùn bí ti pẹ́pẹ́yẹ. O ní ìwé tí àwọn oníṣòwò òyìnbó àtijọ́ fi ń polówó nǹkan ilé ìwẹ̀ ni, o ní kátálọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Mo béèrè pé ọpọ́n náà dà. O ní o ò ní ọpọ́n kankan. Mo béèrè bóyá o ti sanwó ni, tí òyìnbó kò kó ọjà rẹ wá, kí n bá ọ wá lọ́yà. O ní àwọn tó ń tà wọ́n ti kú tipẹ́, ìwé nìkan lo fẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo fẹ́ wẹ̀, o pọn omi sínú garawa, o fún mi ní kọ́ńgò. Ilé tí àwòrán ọpọ́n ìwẹ̀ pọ̀ sí tó yẹn, garawa la fi ń wẹ̀. Mo kàn wẹ̀.

O tún fi àwọn kan hàn mí nínú fóònù, ọ̀kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ní Améríkà, tí wọ́n ń kí ọ kú oríire lórí ìwé tí o rí. Mo béèrè bóyá ẹgbẹ́ ni yín. O ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo béèrè bóyá wọn yóò wá bí mo bá kú. O ní wọn kì í jáde báyẹn. Ẹgbẹ́ wo nìyẹn?

Ní Ọjọ́bọ̀, kí o tó lọ síbi iṣẹ́, o ní ọkùnrin kan ń bọ̀ tó ń jẹ́ Ògúnjìmí, tó ní ṣọ́ọ̀bù nǹkan ilé ìwẹ̀ ní Ṣógúnlé, tí òun náà ń kó irú ìwé yìí jọ. O ní ẹ ti jọ ṣe pàṣípààrọ̀, kí n gbé ìwé pupa orí tábìlì fún un, kí n sì gba èyí tó bá mú wá. Ọ̀rọ̀ rẹ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì gbọ́ ọ.

Ó dé. Mo gbé ìwé pupa fún un, mo gba tirẹ̀. Ó ti dìde láti máa lọ. Ìwọ náà mọ ilé tí o ti wá. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá rẹ fi ta ẹ̀wà, kò sí ẹni tó kúrò níwájú rẹ̀ láìgba èènì. Bí o bá ra igbá kan, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ lé e. Mo wo ọkùnrin yìí, mo ní ọmọ mi kò sí nílé, èmi ni mo wà nípò rẹ̀, ẹni tó wọlé wa wá ṣòwò kò gbọdọ̀ lọ lásán. Mo wọ yàrá náà. Mi ò mú èyí tó tóbi, mi ò mú èyí tí èèpo rẹ̀ ń dán. Mo wá èyí tó kéré jù lọ, tó fẹ́lẹ́, tí eku ti jẹ etí rẹ̀, tí o fi ọ̀rá wé nítorí pé ó ti gbó. Mo ní èyí kò lè dun ọmọ mi.

Ó gbà á, ó ṣí i, ó wò mí. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń fún mi yìí?”

Mo ní, “Èènì ni. Gbà á.”

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìlì ilẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nìyí.

Ìrọ̀lẹ́ lo dé, o rí àlàfo lórí pákó tí o to ìwé sí. Mo ṣàlàyé. O ò pariwo. Ì bá sàn kí o pariwo. O jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá náà bí ẹni tí wọ́n kó nílé. Tinúadé ló sọ fún mi pé ọdún mẹ́sàn-án lo fi wá ìwé yẹn, àti pé méjì péré ni ẹ̀yin ará inú fóònù mọ̀ pé ó kù láyé. Lọ́jọ́ kejì o gbé mi dé gáréèjì Òṣòdì, o san owó ọkọ̀, o ní kí n délé láyọ̀, o sì lọ kí ọkọ̀ tó kún.

Nígbà tí ìyá rẹ kú, ọjọ́ kẹjọ ni mo pín ẹrù rẹ̀. Àwọn àwo tánganran tó tò jọ láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, tí ẹnikẹ́ni kò jẹun nínú wọn rí, mo pín gbogbo wọn. Lẹ́yìn oṣù kan o wálé, o béèrè ọ̀kan, èyí tó ní ẹja pupa nínú. Mo ní ó ti lọ. Mo ní àwo kì í jí òkú. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn. Nínú ọkọ̀ láti Òṣòdì ni mo rántí pé bí o ṣe wo pákó yẹn lo ṣe wo kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti mú ohun ọmọ mi fún ẹlòmíràn. Tísà ní kí n sọ pé mo bẹ̀ ọ́. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ ohun tí mo ṣe.

Ohun tí mo ṣe ni pé lọ́jọ́ Ajé tó kọjá mo padà sí Èkó, mi ò sọ fún yín. Mo sọ̀ ní Òṣòdì, mo béèrè ọ̀nà Ṣógúnlé, mo béèrè ẹni tó ń ta àga ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn tó ń tà á pọ̀. Ìkẹrin ni Ògúnjìmí. Ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi. Mo sọ fún un pé ìwé tí mo fún un kì í ṣe ohun tó yẹ kí n fún un. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ti ń retí kí o pè, o ò pè. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ mí lára.

Ó ní, “Bàbá, àgbà ni yín. Tí ẹ bá ní kí n dá a padà, màá dá a padà báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹnu ara yín sọ pé ẹ fẹ́ gba èènì padà.”

Mo la ẹnu, kò jáde. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí ẹni tó gba èènì padà. Ìyá rẹ, bí oníbàárà bá tilẹ̀ jí i ní nǹkan, yóò gba ohun tó jí, yóò fi èènì sílẹ̀ fún un. Mo wo inú ṣọ́ọ̀bù náà yíká. Mo ní, “Kí lò ń tà níbí?”

Ó ní ohun tí mo ń wò yìí náà ni. Mo ní kó fi èyí tó pẹ́ jù hàn mí. Ó mú mi lọ sẹ́yìn, ó fi àwo ìfọwọ́ kan hàn mí, èyí tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ògiri. Funfun ni, ẹnu rẹ̀ rí bí ìkarawun, èso àjàrà yí i ká. Ó ní bàbá òun ló kó o wá lọ́dún tí wọ́n bí òun, kò sì sẹ́ni tó rà á. Mo béèrè iye rẹ̀. Ó pe iye kan tó burú. Mo ní mo ti rà á.

Ìwọ yóò ní orí bàbá rẹ ti yí. Gbọ́ mi ná. Ẹni tó bá ná ọjà dé egungun kò lẹ́nu láti dúró de èènì. Ẹni tó bá san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè, ojú ọlọ́jà ni yóò máa tì.

Owó símẹ́ńtì ojú oórì ìyá rẹ ni mo fi san án. Ó wà nínú káàdì báńkì tí o ṣe fún mi, tí mo máa ń sá sóòrùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ọ̀rinrin má baà ba owó inú rẹ̀ jẹ́. Ọmọbìnrin tó ń ṣe POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ, ó sì dá a padà fún mi. Mo wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, kò fúyẹ́ sí i, nítorí náà mo rò pé kò mú owó náà tán. Kí o bá mi wò ó.

Wọ́n di àwo náà. Mo dúró. Ó ní, “Bàbá, ó tán.” Mo ní kò tíì tán. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú àwo ọṣẹ oníke kan, ó fi lé e. Mo ní mo dúpẹ́. Mi ò lọ. Ó mú rọ́bà ẹnu ẹ̀rọ omi méjì fi lé e. Mo ní mo dúpẹ́. Mi ò lọ. Oníbàárà wọlé, wọ́n rajà, wọ́n jáde, mo ṣì dúró. Mi ò bẹ̀ ẹ́, mi ò dárúkọ ìwé kankan. Èènì kì í ṣe ohun tí à ń fẹnu yàn, ọlọ́jà ló ń fojú ara rẹ̀ wò ó. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mi ò jókòó.

Nígbà tó pẹ́, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń tà, ó fọwọ́ lérán, ó ń wò mí. Ó ní, “Bàbá Tẹjú, ẹ̀yin yìí le o.” Ó wọ inú lọ, ó pẹ́ kó tó jáde. Ìwé náà ló mú dání, nínú ọ̀rá rẹ̀. Mo rí i pé ó dùn ún, torí òun náà ń kó wọn jọ bí ìwọ. Ó gbé e lé orí àwo náà, ó ní, “Èènì yín, Bàbá.” Mo gbà á. Mo súre fún un, mo sì fi ọkàn súre náà, nítorí ẹni tí nǹkan dùn tó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ìre tọ́ sí i.

Awakọ̀ tó gbé mi láti Òṣòdì ní àwo náà yóò san owó ìjókòó. Mo gbé e lé itan. Ìyá kan béèrè bóyá ọmọ la fẹ́ máa wẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ní ọmọ náà ti dàgbà, ó ń bínú.

Mo ti ṣí ìwé náà wò. Mo fọ ọwọ́ kí n tó ṣí i. Mi ò mọ̀wé, àmọ́ àwòrán kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ èèyàn. Mo rí ẹ̀rọ omi kan tí ibi ìdìmú rẹ̀ jẹ́ ewé, gbogbo iṣan ewé náà pé. Ẹni tó ṣe é fara balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé ilé ìwẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, níbi tí kò sẹ́ni tí yóò rí i àfi ẹni tó wà níhòòhò. Mi ò tíì mọ ìdí tí o fi ń kó wọn jọ. Àmọ́ mi ò ní pè é ní ìranù nínú ọkàn mi mọ́.

Tísà ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọ, pé àwọn kan wà tó ń gbé ẹrù délé èèyàn. Mo ní rárá. Mi ò ní fún awakọ̀, mi ò ní fún Tinúadé, bí o bá rán ẹnì kan wá mi ò ní fún un. Ìwọ ni kí o wá. Ọdún mẹ́ta rèé tí o ti ń fi owó ránṣẹ́, mo dúpẹ́, owó náà ń dé. Ìwọ kì í dé.

Bí o bá ń bọ̀, mú owó símẹ́ńtì àpò mẹ́fà dání, torí èyí tó wà nílẹ̀ ti di àwo ìfọwọ́. Mú páìpù wá pẹ̀lú, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n kàn, mo fẹ́ kí wọ́n kàn án sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní kò sí omi ẹ̀rọ ní agbègbè wa. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ kàn án ná, omi yóò gbọ́.

Ohun tí o ń wá kiri, kí Ọlọ́run jẹ́ kó máa wá ọ náà. Ohun tí o kó jọ, kí iná má rí i, kí ikán má rí i. Kí àwọn ọmọ rẹ má pín ẹrù rẹ fún àjèjì. Kí o pẹ́ láyé ju ìwé rẹ lọ. Àmín.

Àárọ̀ ni kí o wá. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ojú mi kì í ríran dáadáa mọ́, mo sì fẹ́ rí ọ.

Èmi bàbá rẹ,
Ilésanmí.
Ìka mi nìyí.