Ìṣẹ́jú Mẹ́tàdínlógún

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹsàn-án, 1996. Òkìtìpupa

Ọ́ńkù Yọmí, àbúrò Dádì, gbé ọkọ̀ tuntun dé láti Èkó. Tuntun lójú tiwa — àwọn ará Jámánì ti wà á gbó díẹ̀. Tẹlifóònù wà nínú rẹ̀! A kì í gbé e sétí. Ohun kékeré kan tó ń gbọ́ ohùn wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí tí wọ́n fi ń dí oòrùn. Ohùn ẹni tó pè á máa jáde lábẹ́ ìjókòó. Bí ìpè bá wọlé, rédíò á pa ẹnu ara rẹ̀ mọ́. Ọ́ńkù ní, "Ṣé o rí i? Mo lè máa wakọ̀, kí n máa jẹ àgbàdo, kí n sì máa bú ẹni tó jẹ mí ní gbèsè." Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Máfọwọ́kàn.

Wàhálà rẹ̀ nìyí: kò gbé ìpè ní Òkìtìpupa. Kò gbé ní Ọrẹ. Ó di Ṣàgámù kí iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ tó tàn — ìrìn wákàtí mẹ́ta.

A ó lọ. Tẹlifóònù ìlú ti kú láti oṣù keje, lẹ́tà ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́nà. Dádì wà lórí ibùsùn ọsibítù ní Lọ́ńdọ̀nù, àìsàn kíndìnrín. Òun ló rán mi wálé. "Lọ kọ́ èdè wa lọ́dọ̀ ìyá mi. Má padà kí Kérésì tó dé." Ọ́ńkù ti bá Mọ́mì, tó wà lọ́dọ̀ Dádì, ṣàdéhùn láti Èkó: á máa pè ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, Àbámẹ́ta, aago méjì ọ̀sán.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Ìyá Dádì — Iye ni gbogbo ilé ń pè wọ́n — béèrè bóyá ohùn Joel, Dádì mi, á jáde bí ohùn Joel. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Ṣàgámù. Ìtìjú.

Ìpè àkọ́kọ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ́ńkù ti lọ tọ̀ nínú igbó, èmi ń ra ọsàn. Iye nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Ó dún, ó dún, wọn ò mọ ibi tí wọ́n á tẹ̀. Nígbà tí mo fi sáré dé, ojú wọn ti pọ́n. "Ọmọ mi ń pè mí, mo jókòó, mo ń wò ó."

Ọlọ́run ṣe é, wọ́n tún pè. Ohùn Dádì kún inú ọkọ̀, tín-ín-rín, bí ẹni pé abẹ́ ìjókòó ló sùn sí. Iye kígbe dá a lóhùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lódìkejì odò Olúwa tó ń ṣàn lágbègbè wa. Ìkálẹ̀ ni wọ́n ń sọ, ó yá jù, ìdajì ni mo gbọ́.

— Ṣé o ti jẹun?

— Iye, ọbẹ̀ tí kò látá ni wọ́n fún mi.

— Ọbẹ̀ kọ́ nìyẹn, omi gbígbóná ni.

Dádì rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì dé. Ó kàn mí. "Bùkúnmi, sọ Yorùbá fún mi." Gbogbo ayé ń gbọ́: Iye, Ọ́ńkù, àti ọlọ́sàn tó yọrí wọ ojú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ tí mo ti kó jọ láti oṣù kẹfà sá lọ. Gẹ̀ẹ́sì ló jáde lẹ́nu mi. Dádì ní, "Ó dáa. Ó di ìgbà mìíràn." Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Mo ka ìwé ìlò Máfọwọ́kàn tán lẹ́yìn ìsìn. Gẹ̀ẹ́sì ni, nǹkan tí mo mọ̀ dé níkẹyìn! Ó ń ṣírò bí ìpè tó kẹ́yìn ṣe gùn tó: ìṣẹ́jú mẹ́fà ni tàná. Méjì péré ni tèmi nínú rẹ̀, mo sì fi í ṣòfò.

Ó tún lè máa dáhùn fúnra rẹ̀. Kí a ṣáà ti yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Iye ò ní wo ìpè ọmọ wọn níran mọ́. Ọ́ńkù ní èmi ni ẹnjiníà ilé yìí. Inú mi dùn púpọ̀.

Ọjọ́rú, 18

Mo kọ ohun tí màá sọ fún Dádì sórí ìwé, ìlà mọ́kànlá. Mo kà á fún Iye. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ta ló ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn?" A tún un ṣe. Ó ti wá bẹ̀rẹ̀ báyìí: *Dádì, ẹ kú ìrọ́jú. Láti ìgbà tí Iye ti ń ro púpurú fún mi, n ò mọ bí mo ṣe ń jẹ ànàmọ́ òyìnbó tẹ́lẹ̀.*

Kò ní sí Gẹ̀ẹ́sì kankan. Mo ti búra.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28

Ìrìn òfo.

Epo bẹntiróòlù ò sí. A tò sílé epo kan ní Ṣàgámù láti aago méjìlá. Ọ́ńkù lọ dúró níwájú pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, ó ń bá wọn jà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí Iye lè máa gbọ́ rédíò. Mo ní mò ń lọ ra búrẹ́dì — irọ́ díẹ̀. Mo fẹ́ ka ìlà mọ́kànlá mi lábẹ́ igi, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Mo padà kí aago méjì tó lù dáadáa. Rédíò ń kọrin. Iye fi ọwọ́ kan di ìjókòó iwájú mú. Mo ní, "Iye, ó kù díẹ̀." Wọ́n ní, "Dora, ìyá rẹ, ò ní pè lónìí. Mo fẹ́ lọ sílé." Ọ́ńkù dé, inú bí i: "Iye! Gbogbo epo tí a jó wá ńkọ́?"

"Olúyọmí, wà mí lọ sílé."

Wọ́n ní kí n wá jókòó ti àwọn lẹ́yìn. Wọ́n ní kí n jẹ búrẹ́dì náà, wọ́n sì ń wò mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Ọwọ́ mi wà lọ́wọ́ wọn títí dé Ọrẹ. Ó rẹ̀ wọ́n, mo rò. Mo ń bínú sí wọn. Mo ń bínú sí Mọ́mì náà.

Ọjọ́ Àìkú, 29

Iye ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní orúnkún ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, ọ̀rẹ́ Dádì, ti Èkó dé láìròtẹ́lẹ̀. A gbé omi fún un, kò mu ún. Òun àti Ọ́ńkù wọ yàrá. Iye ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, wọn ò béèrè ohun tó gbé àlejò wá.

Ọjọ́rú, 2

Dádì ti kú.

Wọ́n pè mí sílé Ọ́ńkù. Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó rẹ̀, kọ́kọ́ ní kí n jẹun. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú kí Ọ́ńkù tó lanu. Ìdájí Ẹtì ni — ọjọ́ kan kí a tó lọ Ṣàgámù. Ìyẹn ni Mọ́mì ò ṣe pè.

Ìlà mọ́kànlá mi wà nínú àpò mi.

Wọ́n ní Iye ò gbọdọ̀ gbọ́. Ìyá kì í gbọ́ ikú ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn àgbà á wá láti Ìlútítun ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á jókòó yí wọn ká, ọwọ́ á wà lára wọn kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Títí dìgbà náà, kí n máa ṣe bí mo ṣe ń ṣe. Àǹtí fún mi ní ìrọ̀rí kí n ké sínú rẹ̀. Ó bu omi fún mi. "Fọ ojú rẹ. Fọ̀ ọ́ dáadáa. Ìyá yẹn lójú."

Ọjọ́bọ̀, 3

Iye béèrè ohun tó ṣe ojú mi. Mo ní ata ni. Wọ́n fi Ìkálẹ̀ dáhùn: "Pẹ̀lẹ́, ọma mi."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5

Mo ti wá gbọ́ Yorùbá wàyí. Èsì tí mo ń fún àwọn tó ń béèrè Dádì: *Ara ń mókun. Wọ́n ń gbìyànjú. Ó máa dáa.* Ó ń yọ̀ lẹ́nu mi bí ilá. Èdè tí Dádì rán mi wá kọ́ nìyí — irọ́ ni mo fi ń pa.

Iye ò béèrè Dádì lónìí. Wọn ò béèrè lánàá. Wọ́n kàn ń bu oúnjẹ fún mi. Ẹja méjì. Bí mo bá jẹ ọ̀kan, wọ́n á tún fi òmíràn sí i.

Ọjọ́ Ajé, 7

Mo ké nínú ilé ìwẹ̀. Mo da omi sílẹ̀ kí ariwo omi lè bò ó. Nígbà tí mo jáde, Iye ti gbé garawa omi mìíràn sẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́bọ̀, 10

Wọ́n ti sọ ọ́.

Bàbá Àlàmú ló ṣáájú, àgbà márùn-ún tẹ̀ lé e. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ ti igi tí èèyàn gbìn tí atẹ́gùn ò jẹ́ kó gbó. Wọ́n rìn yípo ọ̀rọ̀ náà títí ẹnu fi kàn án. Ọwọ́ ìyá méjì wà léjìká Iye. Iye jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Wọn ò kígbe. Iye nawọ́ sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló di ọmọ yẹn mú?"

Bàbá Àlàmú ní òun ò rí obìnrin tó lọ́kàn báyìí rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Ọ́ńkù ń padà sí Èkó lọ́jọ́ Ajé. Ó ní kí n yọ ìdáhùn-fúnra-rẹ̀ yẹn kúrò lára Máfọwọ́kàn, òun ò fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ òun. Mo wọnú ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́. Mo tẹ ibi tó ń sọ bí ìpè tó kẹ́yìn ṣe gùn tó. Mo kàn fẹ́ tún rí ìṣẹ́jú mẹ́fà Dádì.

Mẹ́tàdínlógún ni mo rí.

Mo pa á, mo tún tàn án. Mẹ́tàdínlógún. Láti ọjọ́ kẹrìnlá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a lọ síbi tó ti ń gbé ìpè: Ṣàgámù, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Èmi wà lábẹ́ igi. Ọ́ńkù wà nídìí epo.

Iye wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń tú ewé. Mo ní, "Iye, Mọ́mì pè ní Ṣàgámù." Wọn ò gbójú sókè.

"Ó pè. Kò lè dúró de aago méjì. Ó rò pé Olúyọmí ni. Ó ti sọ ọ́ kí n tó lanu."

Mo ní kí ló dé tí wọn ò pè mí. "Kí n pè ọ́ wá gbọ́ ikú bàbá rẹ láàárín ilé epo? Lórí ìdúró? Kò sí ẹni tó mọ̀ ẹ́ níbẹ̀." Àwọn ló ní kí Mọ́mì rán èèyàn gidi wá bá Ọ́ńkù — Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà nìyẹn — kí ó má sì sọ pé àwọn ti gbọ́. Bí ilé bá mọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ni gbogbo wọn á sá sí, ẹnikẹ́ni ò ní rántí mi.

"Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, Iye?"

"Ìyá rẹ ló ń sunkún. Kò sẹ́nì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

Mo béèrè bí wọ́n ṣe mọ ibi tí wọ́n á tẹ̀.

"N ò tẹ nǹkan kan. Ṣebí ìwọ lo ṣe é kó máa dáhùn."

Wọn ò fi bá mi wí. Wọ́n kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ké, láìsí ìrọ̀rí, láìsí omi. Wọ́n jẹ́ kí n ké e tán. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ewé kúrò lórí ẹsẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ méjèèjì sára ìró.

"Ó tó. Di èmi náà mú. Ó kàn mí."