Ọjọ́ tí Kọ̀ǹpútà Iyàrá Àwòrán Kọ̀ Láti Jí

                                                  Ojúlé Kẹsàn-án,
                                                  Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
                                                  Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ojú omi o. Ẹ kú ìjì, ẹ kú àárò ilé. Ara yín ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín nígbà tí ẹ kọ lẹ́tà ìjọsí ti fi yín sílẹ̀, àbí orí bẹ́ẹ̀dì onírin tóóró yẹn náà lẹ ṣì ń sùn? Ṣé ọ̀gá ọkọ̀ yín ti rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ẹ ti kúrò ní èbúté? Ilé dára. Ìyàwó wa wà ní àlàáfíà, ẹnu rẹ̀ sì ṣì mú bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Àbíkẹ́yìn yín ti ń rìn. Ìdí tẹlifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ rìn lọ, ó sì fọ́ ọ létí. Màámi ní kí n sọ fún yín pé orúnkún àwọn ti ń gbọ́ oògùn, ṣùgbọ́n pé ọjọ́ tí lẹ́tà yín bá dé ni àwọn máa ń rìn dáadáa jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi jókòó sí kí ẹ tó ka èyí tó kù. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè bi. Ká ní fóònù máa ń wọ inú ọkọ̀ yín nígbà tí ẹ bá wà láàárín agbami ni, ẹ̀yin ni ǹ bá kọ́kọ́ pè lọ́jọ́ náà.

Ẹ rántí kọ̀ǹpútà tí ẹ tò fún wa ní iyàrá àwòrán kí ẹ tó lọ. Òun ló ń gba àwòrán láti ara ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń ya inú orí àti inú àyà èèyàn, òun náà ló sì ń fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwa níbí, kò sí ẹni tó mọ àwòrán inú orí kà dójú àmì. Èmi ń yà á, àwọn ń kà á. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá ti dákẹ́, afọ́jú ni gbogbo wa.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, oòrùn ṣì wà láàárín orí nígbà tí iná lọ, tó dé, tó tún lọ, tó tún dé. Mo tan kọ̀ǹpútà padà. Dípò kó jí, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, lẹ́tà funfun díẹ̀ sì hàn lókè pé òun kò rí dísìkì tí òun lè ti ara rẹ̀ jí. Mo pa á, mo tún tàn án. Ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹnu ìyẹn ni mo wà tí mo gbọ́ ariwo lẹ́nu géètì.

Káfíńtà kan ló já bọ́ láti orí òrùlé. Ẹ mọ̀ ọ́n: òun ló kan àga tí màámi ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé e wọlé lórí pákó. Ó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó tilẹ̀ ń bínú pé wọ́n fi òòlù òun sílẹ̀ sórí òrùlé onílé. Ìyàwó rẹ̀, onídìrí, sáré tẹ̀lé wọn, ìyarun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi orí oníbàárà sílẹ̀ láàbọ̀. Ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bú èèyàn. Kò ṣe é ní nǹkan kan, àbí?”

Dókítà àgbà wa, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Abẹ́rẹ́ lẹ́yìn wọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀ ṣùgbọ́n ó máa ń wọlé, tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, wọ́n ní kí n ya orí rẹ̀ kíákíá. Kí ẹ̀rọ tó yà á tán, ó ti dákẹ́ èébú. Oorun ti ń gbé e lọ, kì í sì í ṣe oorun àlàáfíà. Abẹ́rẹ́ tẹjú mọ́ àwòrán lójú ẹ̀rọ ńlá, wọ́n ní, “Nǹkan kan wà níbí, ṣùgbọ́n n kò lè fi ẹ̀mí èèyàn búra lé e.”

Wọ́n pe ilé ìwòsàn ńlá. Oníṣẹ́ abẹ orí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì ti fẹ́ẹ́ wọ iyàrá iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú aláìsàn mìíràn. Ó ní àfi bí òun bá rí àwòrán káfíńtà kí òun tó lè mọ ẹni tó yẹ kó ṣíwájú. A fi fóònù ya ojú ẹ̀rọ, a fi ránṣẹ́. Ìlà wínníwínní ló kún inú rẹ̀. Ó ní, “Èyí kò ṣe é kà. Ẹ fún mi ní ojúlówó.”

Ni gbogbo ojú bá yí sí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbà lọ́kàn mi pé dísìkì ti kú. Àfi bí mo ṣe rántí pé ẹ máa ń sọ pé a kì í sunkún òkú tí a kò tíì rí. Mo tún un tàn, mo sì ń tẹ bọ́tìnì tó ń gbéni lọ sí ibi ètò ìpìlẹ̀ rẹ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé tó ń jó. Ó ṣí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni déètì: ọdún tí mo ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ ló wà níbẹ̀! Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀rín ìbá pa mí. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Bátìrì róbótó kékeré inú rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kó gbàgbé nǹkan bí iná bá lọ, ti kú, gbogbo ohun tí ẹ kọ́ kọ̀ǹpútà yẹn ló ti gbàgbé pátá. Dísìkì méjèèjì tó ń kó nǹkan pamọ́ sí wà láàyè. Kékeré ló ń gbé ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń jí, ńlá sì ń gbé àwòrán nìkan. Ṣùgbọ́n ó ti fi ńlá ṣíwájú. Yàrá ìkẹ́rùsí ló lọ ń kanlẹ̀kùn, nígbà tó jẹ́ pé pálọ̀ ni ẹni tó ń wá sùn sí.

Mo fi kékeré ṣíwájú, mo tún déètì ṣe, mo fi ètò náà pamọ́. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó ṣẹ́jú, ó sì mọ́lẹ̀ kedere.

Mo kígbe pé, “Ó ti jí!”

Ẹ̀gbọ́n, onídìrí wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó rò pé ọkọ òun ni mo ń wí. Ó sáré lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó ń pe baba àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń pè é, ó ń gbọn ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló fà á kúrò. Igbe tó ké nígbà tó rí i pé kò jí ṣì wà létí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Kò sì tán síbẹ̀. Mo ní kí ẹ̀rọ ńlá fi àwòrán ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, kò wọlé. Mo tún un ṣe. Ẹ̀rọ ńlá ní ẹni tí òun ń ránṣẹ́ sí kò dáhùn. Wáyà wà ní àyè rẹ̀, iná kékeré ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ìgbà tí mo wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ni mo rí i pé kò dá nẹ́tíwọ̀kì ilé iṣẹ́ wa mọ̀ mọ́. Ó ti kà á sí ti ìta gbangba, bí èyí tí èèyàn ń bá pàdé ní ibùdókọ̀, fáyàwọ́ọ̀lù, ògiri ààbò rẹ̀, sì ti dí gbogbo ọ̀nà àbáwọlé. Ẹ̀rọ wa ń kanlẹ̀kùn, ọlọ́dẹ ní òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Abẹ́rẹ́ ti dúró lẹ́yìn mi. “Kí ló tún dé?”

“Ògiri ààbò ni, mà. Kò jẹ́ kí àwòrán wọlé.”

“Ṣé ó ṣe é pa?”

“Ó ṣe é pa, mà, ṣùgbọ́n—”

“Pa á.”

Bọ́tìnì náà wà níwájú mi. Títẹ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà yẹn kan náà ni àṣírí ara gbogbo àdúgbò wà, ó sì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tààrà. Ẹ kò ní gbàgbé ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn ọjà. Wọ́n pa ògiri tiwọn kí iṣẹ́ lè yá, kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn olè orí ẹ̀rọ ti wọlé, wọ́n ti gbogbo fáìlì pa. Aboyún dé, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò sí ẹni tó lè rí ìtàn àìsàn rẹ̀ ṣí.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n ṣí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo fún ẹ̀rọ wa. Kò ní pẹ́.”

Wọ́n ní, “Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn kò ráyè ilẹ̀kùn.”

Síbẹ̀ mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ àdírẹ́sì ẹ̀rọ ńlá sí i, mo kọ nọ́ńbà ọ̀nà tó ń gbà, mo fọwọ́ sí i. Mo ní kó ránṣẹ́. Kò wọlé. Òógùn ń kán sórí kíbọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì kígbe láti iyàrá kejì pé, “Dókítà, ọmọlójú rẹ̀ apá òsì ti fẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ!”

Abẹ́rẹ́ na ọwọ́ bá mi di máòsì mú. Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbá wọn lọ́rùn ọwọ́ mú. Èmi tí mo ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀! Mo ní, “Mà, ẹ jẹ́ kí n mí ẹ̀ẹ̀kan.” Ojú tí wọ́n fi wò mí ń bi mí pé ta ló fún mi láṣẹ láti fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ dúró.

Nígbà náà ni mo rí àṣìṣe mi. Ọ̀nà àbájáde ni mo ṣí, àbáwọlé ni a sì nílò. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan bí búrẹ́dì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, mo sì ń tì í lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bó ṣe ń dé. A dúró. Fóònù dún, ohùn oníṣẹ́ abẹ sì le: “Ẹ̀jẹ̀ ti dà sábẹ́ agbárí, ó ń tẹ ọpọlọ. Ẹ gbé e máa bọ̀. Òun ló máa ṣíwájú.”

Káfíńtà kò kú. Ẹ bá wa dúpẹ́. Wọ́n gbé e padà wá lánàá fún ìtọ́jú, wọ́n ti fá orí rẹ̀ kodoro, ó mọ gbogbo èèyàn, ó ń jẹun. Ẹni tí wọ́n ní kó dúró náà ti gba iṣẹ́ abẹ tirẹ̀, ó sì yè. Mo ti pààrọ̀ bátìrì, mo ti tún nẹ́tíwọ̀kì júwe fún kọ̀ǹpútà bí ẹ ṣe fi kọ́ mi. Abẹ́rẹ́ kò bá mi sọ ju káàárọ̀ lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n gbé àga wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn han àwọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò dán mọ́rán lẹ́nu káfíńtà mọ́. Wọ́n gbé òòlù rẹ̀ wá fún un kí inú rẹ̀ lè dùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó pè é ní ṣíbí. Ó mọ̀ pé òun ṣì í. Ó tún un pè, ṣíbí náà ló tún jáde. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ṣíbí tí ń kan ìṣó nìyẹn, ó sì kọjú sógiri. Oníṣẹ́ abẹ ti sọ fún Abẹ́rẹ́ pé bí àwòrán bá tètè dé díẹ̀ sí i, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá pé lẹ́nu rẹ̀; bóyá kò sì ní yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Onídìrí wá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo èèyàn, n kò lè wo ojú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Ká ní ẹ̀yin lẹ jókòó sórí àga yẹn, ṣé ẹ̀yin ìbá pa ògiri náà? Ẹ má wò ó pé èmi ni àbúrò yín. Ẹ má fi ẹnu dídùn tù mí nínú. Ẹ dá mi lóhùn bí ẹni tó mọṣẹ́, bó tilẹ̀ korò.

Ẹ bá mi kí alásè ọkọ̀ yín tó máa ń fi oúnjẹ pamọ́ dè yín, kí ẹ sì kí ọ̀rẹ́ yín atọ́kọ̀ṣe. Gbogbo ilé ń kí yín. Kí omi tù yín wálé o.

Èmi tí mo bá yín mu ọmú kan náà,

Àgídí.