Orin Tí Ẹ Ní Ẹ̀yin Lẹ Ṣe

Daddy mi, ẹni tí mi ò tíì lè pè ní olóògbé kí ohùn mi má yẹ̀,

Birchmere Park ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, lórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí omi. Ọ̀sán ni. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń bá ara wọn jà nítorí búrẹ́dì tí ìyá kan ń jù sí wọn. Mummy wà dáadáa. Ó ti ń jẹun padà, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ care rẹ̀, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Dàmọ́lá ti fá irùngbọ̀n, ó wá jọ yín débi pé nígbà mìíràn mi kì í lè wo ojú àbúrò mi.

A ò jẹ́ kí ẹgbẹ́ orin wa tú o. Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a ṣì ń lọ sí pub tó wà lẹ́bàá Plumstead Common. Dàmọ́lá ló ń ta jìtá yín, èmi wà lórí violin, Mummy ló ń lé orin. Àwọn tí kò mọ̀ wá rí ṣì máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá rí Yorùbá mẹ́ta tó fẹ́ kọ orin ilé ọtí àwọn ará Ireland àti Scotland. Tí Mummy bá ti la ẹnu, ẹ̀rín a tán. Mo máa ń rántí bí ẹ ṣe ń da malt sínú ife bíà ńlá kí wọ́n lè rò pé ẹ̀yin náà ń mu tiwọn, tí ẹ ó wá fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó fọwọ́ kan okùn jìtá.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Orin yẹn ni. Èyí tí a fi ń parí, ti ọkùnrin tó ń wọ ferry Woolwich sọdá odò láràárọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tó ń ka ilẹ̀kùn àwọn ilé abúlé rẹ̀ lọ́kàn kó má baà gbàgbé wọn. Gbogbo ibi tí a bá ti kọ ọ́ lẹ ti máa ń sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é, nínú ferry yẹn gan-an, ní winter àkọ́kọ́ tí ẹ dé, kí èmi àti Mummy tó wá bá yín. Mo gbà yín gbọ́. Mo fi yangàn nílé ìwé.

Oṣù kẹta lẹ́yìn ìsìnkú yín ni mo kọ́kọ́ rí obìnrin náà. Òyìnbó ni, àgbàlagbà, kóòtù aláwọ̀ ewé ló wọ̀, tíì ló sì ń mu nínú ilé ọtí. Kì í pàtẹ́wọ́ fún orin kankan. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé orí orin yín, ètè rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹsẹ mẹ́ta lẹ kọ́ wa. Nígbà tí a parí ẹsẹ kẹta tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ètè rẹ̀ ò dúró. Ó ń kọ ẹsẹ kan tí èmi ò mọ̀.

Daddy, ẹ dárí jì mí. Ohun tí ọmọ kì í rò sí bàbá rẹ̀ ni mo rò. Mo rántí Thursday yín. Aago mẹ́rin, ẹ ó gbé jìtá kọ́ èjìká, ẹ ó ní ẹ fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ yín kan tí ara rẹ̀ ò yá ní Belvedere. Ọ̀rẹ́ wo? Kí ló ń ṣe é? A ò bi yín rí. Ẹ ó dé kí a tó jẹun, pẹ̀lú búrẹ́dì tó ní èso àjàrà nínú, tí wọ́n fi fóìlì wé, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọkùnrin aláìsàn wo ló ń yan búrẹ́dì fún àlejò?

Mo tú àpótí jìtá yín wò lọ́jọ́ tí Dàmọ́lá lọ síbi iṣẹ́. Nínú àpò kékeré tí ẹ ń kó okùn sí, mo rí káàdì ọjọ́ ìbí kan. Ọwọ́ obìnrin ló kọ ọ́, pé ẹ má jẹ́ kí Thursday yẹ̀ o. Bridie ni orúkọ tó wà nísàlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí mi ò fura sí. Mo fura sí Mummy, torí ó rí obìnrin náà, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo bi í nínú bọ́ọ̀sì. "Violin ni kí o máa ta," ó ní. "Gbé ojú kúrò lára ìyá oníyàá." Mo fura sí Dàmọ́lá náà, torí ó ń kánjú láti gba orin náà sílẹ̀ fún ìrántí ọdún kan yín, pẹ̀lú orúkọ yín gàdàgbà lára rẹ̀. Kí ló ń lé e?

Nígbà tó di Sunday kan tí mò ń kó violin sínú àpótí, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ìwọ lọmọ rẹ̀. Èmi ni Bridie."

Ó bi mí ta ló ṣe orin tí a fi parí yẹn. Mo ní bàbá mi ni.

Ó mi orí. "Martin ni. Ọkọ mi."

Inú bí mi, Daddy. Mo ní ó ti ṣọ́ wa tó, ó wá rí i pé òkú ò lè jà fún ara rẹ̀. Mo ní, "Mama, bàbá mi ti kú. Kò lè dá yín lóhùn."

"Martin náà ti kú, ọmọ mi. Wá sílé mi ní Saturday. Gbọ́ tirẹ̀ kó o tó dá ẹjọ́."

Mo lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Thamesmead sí Belvedere kò jìnnà, ṣùgbọ́n mo to gbogbo ọ̀rọ̀ burúkú tí mo fẹ́ sọ sí i jọ kí bọ́ọ̀sì tó dúró. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, òórùn búrẹ́dì kọlù mí láti kíṣìnì. Mo mọ òórùn náà. Òórùn kóòtù yín lọ́jọ́ Thursday ni. Mo kọ̀, mi ò jókòó.

Ó fi kásẹ́ẹ̀tì kan sínú rédíò àtijọ́. Ọkùnrin kan wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin náà. Nígbà tó dé ẹsẹ kẹrin, ó dárúkọ abúlé rẹ̀ ní Ireland, ó dárúkọ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn mìíràn rẹ́rìn-ín, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin tí Ìbàdàn ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Martin, please, start again. Small-small."

Ẹ̀yin ni. Mo jókòó.

Bridie sọ fún mi pé ẹ jọ ṣiṣẹ́ bíríkì lẹ́bàá odò ni, pé Martin ló kọ́ yín ní jìtá. Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Kò lè bèèrè omi. Kò lè pe Bridie. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ orin yẹn, yóò bá yín kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ kan ò ní sọnù. Ìdí Thursday nìyẹn, fún ọdún mẹ́jọ.

"Lẹ́yìn tó kú ńkọ́?" mo bi í. "Kí ni bàbá mi ń wá ṣe níbí?"

"Ó ń wá jókòó. Á mu tíì, á máa wo àga Martin." Ó wò mí lójú. "Mo mọ ohun tí ò ń bi mí. Rárá."

Mo gbà á gbọ́. Ọjọ́ kan tàbí méjì ṣì wà láàárín ọ̀sẹ̀ tí mi kì í gbà á gbọ́.

Mo bi í bóyá ó bèèrè lọ́wọ́ yín rí ìdí tí ẹ fi ní ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu Dàmọ́lá nílé ọtí lòun ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lọ́jọ́ tí òun wá gbọ́ orin ọkọ òun. "Kò pè wá síbi eré yín rí," ó ní. "Mo rò pé nítorí kẹ̀kẹ́ arọ Martin ni."

Daddy, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ní Thursday ẹ jẹ́ ẹnu fún un, ní Sunday ẹ fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Ṣé ẹnì kan ló bi yín nílé ọtí pé èwo ni tiyín nínú gbogbo orin wọ̀nyí, tí ẹnu yín yọ̀? Ṣùgbọ́n ẹsẹ kẹrin ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ torí orúkọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àṣìsọ. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Iṣu ni Mummy ń bẹ nígbà tí mo sọ fún un. Ọ̀bẹ ò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo mọ̀," ó ní. "Mo ní kó sọ bó ṣe ṣe orin náà fún mi rí, kò rí nǹkan kan sọ. Mo fi sílẹ̀ fún un. Ọkùnrin tó wọ ìlú onílùú lọ́wọ́ òfo, tó ní nǹkan kan ṣoṣo lòun fọwọ́ ara òun ṣe, ṣé èmi ni kí n wá já a gbà?"

"Bridie náà ńkọ́?"

"Bridie kẹ̀? Ìrẹsì ta lo rò pé ó ń jẹ láti ọjọ́ yìí, bí kì í bá ṣe tèmi?"

Dàmọ́lá kò gbà á bẹ́ẹ̀. "Sis, ṣé o tún fẹ́ sin Daddy lẹ́ẹ̀kejì ni?" Ọ̀sẹ̀ méjì kò bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó dá gbígba orin náà sílẹ̀ dúró.

Sunday tó kọjá, Bridie jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Dàmọ́lá ló máa ń sọ̀rọ̀ kí a tó kọ orin ìparí. Lọ́jọ́ yẹn ó wo ilẹ̀, kò la ẹnu. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo ní Martin ará Belvedere ló ṣe orin yìí, pé bàbá mi kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń bá a tọ́jú orin náà nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bridie tẹ orí ba. Dàmọ́lá wá fọwọ́ kan okùn.

Apá kìíní, kásẹ́ẹ̀tì jẹ́rìí sí i. Apá kejì, pé ẹ ń bá a tọ́jú orin náà, mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ ni. Mo dúró níwájú gbogbo wọn, mo sọ ọ́, ohùn mi ò gbọ̀n. Ó rọrùn, Daddy. Ṣé bó ṣe rọrùn fún ẹ̀yin náà nìyẹn?

Mo fẹ́ràn yín, mo ṣì ń bínú sí yín, méjèèjì ò sì dí ara wọn lọ́wọ́.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin.