Egungun Tí Ẹ Fún Ṣọ́jà

Bàbá mi,

Mi ò jí yín, nítorí tí mo bá jí yín, ohun tí n ó sọ kò ní dáa lẹ́nu ọmọ.

Egungun adìẹ sísè tí ẹ jù sí Ṣọ́jà ajá wa lábẹ́ tábìlì lánàá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Láàárọ̀ yìí, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu ẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú ha ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọwọ́ ni mo kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu kí n tó yọ ègé kan tó mú bí abẹ́rẹ́. Dókítà ẹran tí mo pè lórí fóònù ní, "Ẹ sọ fún Bàbá pé egungun tí iná bá ti kàn máa ń fọ́ bí ìgò, ó sì lè gún ìfun." Ṣé mi ò sọ ọ́ títí? Ẹ ó kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ajá ayé tiyín ń jẹ ẹ́.

Oúnjẹ rírọ̀ nìkan ni lónìí. Egungun orúnkún màlúù tútù wà nínú fìríìjì, ó tóbi ju ohun tó lè gbé mì lọ. Ẹ fún un lọ́la, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì gbà á tó bá ti kéré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sè é o, ẹ má ní àánú ẹ̀ ló ṣe yín!

Ẹnu ọ̀nà yàrá yín ló lọ sùn sí. Òun ò bínú sí yín. Èmi ni mò ń bínú, n ó sì ṣì máa bínú tí mo bá tibi iṣẹ́ dé.

Ọmọ yín.