Aṣọ Iléèwé Tí Àbúrò Yín Rán Sílẹ̀

                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù Kápẹ́ńtà,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìlagi,
                                        Ọjọ́ Àìkú, ìparí oṣù Kẹjọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lẹ wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu báyìí? Àwọn ọmọṣẹ́ yín ńkọ́, ṣé wọn ò dá yín lágara? Àwa náà wà níbí, à ń jẹ, à ń mu. Ilé kàn dákẹ́ ni. Láti ìgbà tí àbúrò yín ti fi wá sílẹ̀ lọ sọ́run, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń gbé mi sùn látijọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ wa, Oníbéèrè, ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé orí ọmọ náà pé. Ẹnu rẹ̀ ló fi gba orúkọ ìnagijẹ yẹn. Àmọ́ tó bá ti di ká kàwé, á ní lẹ́tà ń sáré lójú òun. Nígbà tí tíṣà rẹ̀ àtijọ́ pè é ní olódo, ìdáhùn àbúrò yín ni pé, “Ẹ wo ìka ọwọ́ yín, tíṣà. Ṣé wọ́n dọ́gba?”

Ẹ rántí bó ṣe máa ń gé lẹ́tà láti ara àjákù aṣọ? A jẹ́ jíǹsì, B jẹ́ àrán, D jẹ́ táwẹ̀lì. Oníbéèrè á jókòó sábẹ́ tábìlì, á dijú, á máa fi ìka tọ ipa wọn, á máa pariwo orúkọ wọn. Èmi á wà nísàlẹ̀ tí màá máa fá pákó. Tí mo bá gbọ́ “B!” lókè, èmi náà á dáhùn pé “B!” Àwọn oníbàárà mi rò pé orí mi ti ń yí. P ló gé kẹ́yìn kí àìsàn tó dá a wó.

Iléèwé ńlá tó ní ọgbà òdòdó ló ti yàn fún un. Ó lọ fi kọ́tìnnì kọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ táwọn ọmọ ń ké ewì. Bó ṣe délé, kò tiẹ̀ dúró jẹun, ó ní, “Bàbá Oníbéèrè, ọmọ wa á ké ewì níbẹ̀.” Kò dúró de ìdánwò kankan, ó ra aṣọ, ó rán yunifọ́ọ̀mù. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n pè wá fún ìdánwò, mo wọ yunifọ́ọ̀mù náà fún ọmọ. Ta ló máa wo iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò yín kó sọ pé rárá? Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tiẹ̀ jágbe mọ́ ọn pé, “Ìwọ, o tún pẹ́ lónìí!” Oníbéèrè ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.”

Wọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀. Ó béèrè bóyá òun lè fọwọ́ ba lẹ́tà náà. Ọ̀gá iléèwé rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ojú la fi ń kàwé níbí, ọmọ dáadáa.” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà o. Ó ní àwọn á gbà á, àmọ́ ẹ̀yìn kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ni yóò máa jókòó sí títí ojú rẹ̀ á fi là. Nígbà tí à ń bọ̀ wálé, Oníbéèrè kò béèrè ohunkóhun.

Aládùúgbò wa tó ń ṣe búrẹ́dì ló júwe iléèwé kékeré tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún mi. Kò sí òdòdó níbẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ń ké. Mo ti ní màá bá wọn kàn án. Olùkọ́ ibẹ̀, obìnrin kan tó gé irun mọ́lẹ̀, fún ọmọ ní lẹ́tà tí wọ́n fi pákó gé, tí wọ́n lẹ sáńpépà mọ́ lára. Oníbéèrè dijú, ó fi ìka tọ ọ́, ó ní, “A! Ṣùgbọ́n jíǹsì màmá mi rọ̀ ju èyí lọ.” Ẹ̀gbọ́n mi, omijé bọ́ lójú mi. Olùkọ́ wò mí, ó ní, “Bàbá, ọmọ là ń dán wò o, ẹ̀yin kọ́.” Láti orí àtẹ̀gùn yẹn títí dé ilé, ìbéèrè ò tán lẹ́nu ọmọ náà.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ mú un lọ. Àmọ́ yunifọ́ọ̀mù yẹn ń wò mí láti ara ògiri, ó ń ṣe mí bí ẹni tó fẹ́ yẹ àdéhùn torí pé ẹnì kejì kò sí láti bi í. Láàárọ̀ yìí ni mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo rí i pé ìṣẹ́tí rẹ̀ fẹ̀ gan-an, àbúrò yín ṣẹ́ ẹ po léraléra. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi kọ́ ọ níṣẹ́, tó ń tún sọ ṣáá: “Aṣọ ọmọdé, àyè ni ká kọ́kọ́ fún un, ẹwà á tẹ̀ lé e.” Ọkàn mi wá balẹ̀: iléèwé kékeré tó fún ọmọ wa láyè yẹn ló máa lọ.

Mo ti fi aṣọ náà rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú ara aṣọ náà. Ìṣẹ́tí yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ tú, kẹ́ ẹ fi gé ìyókù lẹ́tà fún un, láti R títí dé Y. Èmi lè gé pákó. Mi ò lè gé aṣọ.

Ẹ bá wa kí gbogbo ilé, pàápàá ọmọṣẹ́ yín tó máa ń fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀. Oníbéèrè ń kí yín. Ó ní kí n sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má fọ aṣọ náà o, òórùn òróró ẹ̀rọ màmá òun ṣì wà lára rẹ̀.

                                        Èmi ni tiyín, bí mo ṣe jẹ́ tirẹ̀,
                                        Ọkọ àbúrò yín,
                                        Bàbá Oníbéèrè.