Orúkọ tí Mo Pè ní Dáṣà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹjọ 1955

Àgùnfọn mi, ìwọ lo kọ́ mi bí a ṣe ń kọ èdè wa sílẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Màsẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà tó kọ́ mi ní ìwé àti ìránṣọ, èdè Faransé àti èdè Èwe nìkan ni. Ìwé kíkà tí bàbá rẹ rà bọ̀ láti Ìbàdàn lo fi kọ́ mi, lábẹ́ igi àgbọn létí òkun Lomé – o ní ọmọ Atakpamé bíi tèmi ń kọ Yorùbá bí ẹni ń ha ẹja. Èmi náà sì kọ́ ọ ní katikísìmù, ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ìjọ wa. Bí a ṣe ṣe pàṣípààrọ̀ nìyẹn. Nítorí náà ìwọ ni mo ń kọ eléyìí sí. Ta ni mo tún fẹ́ kọ ọ́ sí?

Oṣù kan ti kọjá tí ibà gbé ọ lọ. Mo wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, mo ń rán ọrùn aṣọ, mi ò mọ nǹkan kan. Ọ̀sán lo kú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti sin ọ́. Bí ẹ̀yin Mùsùlùmí ṣe ń ṣe nìyẹn, mo mọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, à bá jókòó tì ọ́ di àárọ̀, ǹ bá rí ojú rẹ. Yẹ̀pẹ̀ tútù ni mo bá.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwa ọ̀dọ́ ìjọ ń lọ sí Dáṣà, ní ilẹ̀ Dahomey, sí ihò àpáta Màríà. A ti jọ sọ ọ́ pé a jọ ń lọ. O ní kó tó dìgbà náà o ó ti lọ bá Fadá, o ó ti gba ìrìbọmi, o ó sì máa jẹ́ Raphaël, torí òun ni áńgẹ́lì tó ń bá arìnrìn-àjò rìn. O ń wá ọjọ́ tí o máa sọ fún bàbá rẹ. Ọjọ́ yẹn ò dé.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń tìtorí rẹ̀ lọ báyìí: kí orúkọ rẹ wà lára àwọn òkú wa tí a ó pè níbẹ̀. Níbo lo wà, Àgùnfọn?


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Mo lọ kí ìyá rẹ nídìí àtẹ aṣọ rẹ̀ ní ọjà. Ìyá Rùkáyátù, bí gbogbo ọjà ṣe ń pè é, ti rù. Síbẹ̀ ó pè mí ní "ìyàwó onítẹ̀sùbáà gígùn" bó ṣe máa ń pè mí, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ọrùn mi. Ó ní ọjọ́ Àìkú ni àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ, kí n wá bá wọn dín àkàrà.

Ọjọ́ Àìkú gan-an la ó wà ní Dáṣà. Mo sọ fún un. Ó ń ká aṣọ kan, ó tú u, ó tún un ká. Ó ní ó dáa, kí n lọ síbi tí ọkàn mi bá wà. Kò wò mí.

Bàbá rẹ kọjá. Mo kúnlẹ̀ kí i, kò dáhùn. Gbogbo Anagokomé, àdúgbò wa, ló mọ ohun tí òun, Bàbá Kàsúmù, ń sọ kiri: pé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ti jí ọkàn ọmọ òun kí ikú tó jí ara rẹ̀.


Ọjọ́rú, 10

Ogójì àbí Dáṣà. Ibi méjèèjì, tìrẹ ni.


Ọjọ́ Ẹtì, 12. Ouidah.

Mo wá. Má bínú.

Ọkọ̀ ojú irin gbé wa dé Anécho, lọ́rì gbé wa dé odò, ọkọ̀ ojú omi gbé lọ́rì àti àwa kọjá. Ọlọ́pàá wo ìwé wa, ó ka orí wa bí ewúrẹ́. Ilé àwọn Fadá la máa sùn.

Katikísì wa, Mèsié Barthélemy tó ń kọ́ wa ní katikísìmù, ló ṣáájú wa. Bó bá ti yí ẹ̀yìn padà, Agogo la ń pè é – o rántí – torí agogo idẹ kékeré tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin ó ń bi wá ní ìbéèrè kí oorun má bàa gbé wa. Bí ẹnì kan bá ń kú lọ, tí Fadá ò sí nítòsí, ta ló lè rì í bọmi? A jọ dáhùn bí ọmọdé: ẹnikẹ́ni. Kó da omi sí i lórí, kó sọ ọ̀rọ̀ náà, kó sì ní in lọ́kàn láti ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe.

Àbẹ̀kẹ́ tí a jọ ń ránṣọ, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní Mùsùlùmí ńkọ́?

Agogo ní Mùsùlùmí náà lè ṣe é. "Ṣùgbọ́n fi Mùsùlùmí tó máa ṣe é hàn mí, Àbẹ̀kẹ́. Màá fún un ní agogo mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi ń wo òkun lójú fèrèsé.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13. Dáṣà.

Àpáta níwájú, àpáta lẹ́yìn, abúlé láàárín wọn. Àgùnfọn, gbogbo èèyàn ibí ló ń sọ èdè wa! Ọmọdé, arúgbó, ẹni tó gbé igi. Ó yàtọ̀ díẹ̀ sí tèmi, ó sì yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́ tiyín, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ délẹ̀. Ìyá arúgbó kan bu omi fún mi, ó bi mí pé ọmọ ta ni mí, bí ẹni pé ó yẹ kó mọ àwọn òbí mi. Ní Lomé, "Ànàgó" ni wọ́n ń pè wá, ẹnu a máa yọ ṣùtì díẹ̀ sí i. Níbí, àwọn Mínà, ọmọ etíkun tí a jọ wá, ló di àlejò. Àbẹ̀kẹ́ ń gbẹ̀san: ẹni tó bá fẹ́ kí òun túmọ̀ fún un gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí òun ní "Ẹ káàsán, Màmá." Wọ́n ń kí i.

Ò bá rẹ́rìn-ín.

Lálẹ́ ọ̀la, níwájú ihò àpáta, kálukú yóò di àbẹ́là mú, yóò pe orúkọ ìrìbọmi òkú rẹ̀ sókè. Mo lọ bá Agogo. Mo bi í bóyá mo lè pe orúkọ rẹ. Ó mọ̀ ọ́, ó máa ń rí ọ ní ẹnu ọ̀nà tí o ń dúró dè mí. Kò sọ̀rọ̀ líle. Ó ní o ò fi ẹsẹ̀ kan wọ kíláàsì òun rí, Fadá ò mọ̀ ọ́, omi ò kàn ọ́. Àánú Ọlọ́run pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìjọ là ń pè níbẹ̀. Ó ní àkọ́bí òun kú kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Fadá. Òun náà kì í pè é.




Ọjọ́ Àìkú, 14

Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ òórùn epo àkàrà tí kò sí níbí. Wọ́n ti ń dín in ní ilé yín. Àwọn ààfáà ti jókòó. Ìyá rẹ ń wo ẹnu ọ̀nà.

Alẹ́. Àbẹ́là púpọ̀, ooru, ìda ń kán sí mi lọ́wọ́. Wọ́n ń pe orúkọ – Thérèse, Jérôme, Thérèse mìíràn. Àbẹ̀kẹ́ pe ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ fọ́. Ó kàn mí. Mo ti pinnu pé màá pe bàbá mi àgbà. Mo la ẹnu.

"Raphaël."

Mo pè é ketekete. Àpáta gbé e padà fún mi. Ara mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kan.

Kò pẹ́. Agogo mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní Raphaël wo? Mi ò lè parọ́ kejì; mo ní ìwọ ni. Ó jókòó sórí òkúta bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ó ní mo ti fi irọ́ síwájú Ọlọ́run, níbi tí àwọn èèyàn fi ẹsẹ̀ rìn wá kí wọ́n lè sọ òtítọ́. Kí n má gba Kómúníọ̀n lọ́la àfi bí mo bá jẹ́wọ́, tí mo sì kábàámọ̀.


Ọjọ́ Ajé, 15. Àjọ̀dún Màríà.

Àwọn Fadá ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ lábẹ́ igi. Mo tò. Ó ku ẹnì kan kó kàn mí, mo kúrò. Wọ́n á bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Mi ò kábàámọ̀.

Gbogbo wọn dìde lọ gba Kómúníọ̀n. Èmi nìkan ni mo jókòó láàárín àwọn àga wa, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì rán. Àbẹ̀kẹ́ padà wá, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún mi. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún.

Mo pàdánù ogójì rẹ. Mo sì pàdánù èyí.


Ọjọ́rú, 17

Lomé. Mo fọ ẹ̀wù náà. Ìda ò kúrò lára rẹ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, 19

Mo lọ sílé yín ní àkókò Jímọ̀, nígbà tí àwọn ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí. Ìyá rẹ nìkan ló wà ní àgbàlá, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní ogójì lọ dáadáa, èrò wá, àdúrà gùn, ṣùgbọ́n ojú òun ń wá mi. Mo ní nítorí rẹ ni mo ṣe lọ. Bí ẹnu mi ṣe tú nìyẹn. Mo sọ ti àbẹ́là, ti orúkọ, ti bí mo ṣe jókòó tí gbogbo èèyàn dìde. Mo ní, "Wọn ò gbà á, Ìyá. Wọ́n ní kì í ṣe tiwa."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn àgbàlá, ó fi igi dábùú rẹ̀.

Ó ní lọ́jọ́ náà bàbá rẹ sáré lọ pe dókítà, ó ku ìwọ àti òun. O ní kó bu omi wá. Ó rò pé òùngbẹ ni, ó gbé búùtà àlùwàlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà. O ní rárá, orí ni kó dà á sí. O ń sọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún un díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní kéwú. O ní kó ní in lọ́kàn pé ohun tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe lòun fẹ́ ṣe.

Èmi ni mo kọ́ ọ níyẹn. Lábẹ́ igi àgbọn.

"Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí a kì í sọ nínú ilé yìí," ó ní. "Pé Ọlọ́run ní Ọmọ. Ahọ́n mi wúwo. Mo wo ojú ọmọ tèmi, mo sì sọ ọ́."

Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló da omi. Ó wò mí bí ẹni ń wo òmùgọ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀melòó la tún ń dà á?"

Bí ẹ ṣe ń ṣe àlùwàlá. Bí àwa náà ṣe ń ṣe ìrìbọmi. Mo bi í pé orúkọ wo ló pè. Ó ní ọ̀kan tó le lẹ́nu. Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, jẹ́jẹ́, láti "Ràfáẹ́lì, mo rì ọ́ bọmi" dé òpin, kò fo ọ̀kan. Ó ti há a sórí. Lẹ́yìn náà, ó ní, òun fi etí ìró nu orí rẹ gbẹ. Nígbà tí bàbá rẹ wọlé, o ti lọ.

Ó ní tọkàntọkàn lòun ṣe àmín sí àdúrà ogójì. Kí Ọlọ́run mú èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì. Bí bàbá rẹ bá gbọ́, ilé tú nìyẹn. Kí n má sọ fún Fadá, kí n má sọ fún ẹ̀dá kankan.

Ó wá di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó mi, mi ò ṣe irú rẹ̀ rí. Ṣé mo ṣe é dáadáa?"

"Ẹ ṣe é dáadáa, Ìyá."

A gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin lójú ọ̀nà. Ó yọ igi ẹnu ilẹ̀kùn, a jọ jókòó ṣa ẹ̀wà.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Ìjẹ́wọ́. Mo jẹ́wọ́ ìbínú mi sí Agogo. Fadá ní ṣé kò ku nǹkan kan? Agogo ti sọ fún un, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. Ohun tí a bá sọ níbẹ̀ kì í jáde, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo pè ní Dáṣà kì í ṣe irọ́ mọ́. Ohun tí ìyá rẹ ṣe kì í sì í ṣe tèmi láti sọ. Mo ní kò kù.

Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ń rìn lọ sílé. Ó ṣì ń bà mí.


Ọjọ́ Àìkú, 21

Mo gba Kómúníọ̀n.

Kò ní sí Máàsì tí wọ́n á fi orúkọ rẹ ṣe, Raphaël. Kò ní sí àgbélébùú. Èmi àti ìyá rẹ nìkan la ó máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀, a ó sì máa rẹ ohùn sílẹ̀.

Lẹ́yìn Máàsì, Agogo wá bá mi ní ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní inú òun dùn pé mo ti fi orúkọ yẹn sílẹ̀. Mo rántí àkọ́bí rẹ̀, mi ò bínú mọ́. Mo ní ẹ ṣeun, Mèsié. Ó yí padà, ó ń fi agogo pe àwọn ọmọdé wọ kíláàsì, mo sì dúró ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Agogo tó ṣèlérí nínú ọkọ̀ ojú irin, ìyá rẹ ló ni ín. Mèsié ò sì lè mọ̀ láé.