Ọkọ̀ Ìdèrè Kì Í Wo Aago

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Bàbá Kẹ́hìndé, tí wọn kò ríran mọ́, fẹ́ dá lọ sí Igbó-Ọrà. Áàpù tí mo ṣe sórí fóònù wọn sọ fún wọn ní Yorùbá pé ọkọ̀ yóò gbéra ní aago mẹ́jọ. Wọ́n jókòó sí gáréèjì títí ọmọ wọn fi wá fà wọ́n lọ́wọ́ padà sílé lọ́sàn-án.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, Bàbá ní, “Ọmọ yunifásítì! Ọkọ̀ wa ń wo aago ni? Ó dìgbà tí èrò bá pé!”

Ìdèrè ni wọ́n bí mi sí, síbẹ̀ mo gbàgbé.

N ó bẹ àwọn awakọ̀ kí wọ́n máa fi iye èrò tó kù kí ọkọ̀ tó kún ránṣẹ́ sí áàpù náà...

Mo ń rí i bí àlá: fóònù ní èrò méjì ló kù, Bàbá mú ọ̀pá, wọ́n jáde, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n pé, “Ta ló mú yín wá?”